Ẹnu Tánkì Tó Dógùn-ún

Ètò wa lórí ọkọ̀ àti ìtọ́jú rẹ̀ la tún gbé dé.

Ibi tí ojú kì í dé lára ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ òní wà: ẹnu tánkì epo. Ìdérí tí ẹ ń yí ṣí nílé epo nìkan kọ́ ni mo ń wí. Àwo irin tí ìdérí yẹn jókòó sí ni mo ń wí, pẹ̀lú páìpù tó ti ibẹ̀ gba abẹ́ fẹ́ńdà ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ wọ inú tánkì. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àgàgà tókùnbọ̀ tó ti ìlú olótùútù wá, ibẹ̀ yẹn lè ti jẹ tán kí ẹni tó ni ín tó fura.

Kí ló dé tí a kì í tètè fura? Ẹ jẹ́ ká wo bí epo ṣe ń jókòó nínú ọkọ̀. Tánkì wà nísàlẹ̀, lábẹ́ àga ẹ̀yìn tàbí lábẹ́ búùtù. Páìpù wà lókè rẹ̀. Bí ẹ bá ra epo ₦5,000, inú páìpù lepo kàn gbà kọjá, kò dúró níbẹ̀. Bí ihò bá wà lára páìpù, ìwọ̀nba tó máa kán sílẹ̀ kò ju pé kí ilẹ̀ ilé epo tutù díẹ̀, ilẹ̀ ilé epo kì í sì í gbẹ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá sọ pé “ẹ kún un” ni epo á gun páìpù náà dókè, ọjọ́ yẹn nihò á jẹ́wọ́.

Ta ló sì tún ń kún tánkì báyìí? Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, iye tí ìjọba dá lé lítà kan kò tó ₦200. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,000. Látìgbà náà, ọ̀pọ̀ wa ń ra epo bí ìgbà tí èèyàn ń ra ata: ti òní fún òní. Ọkọ̀ tó ń jò á wá máa pa àṣírí ara rẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ ìrìn àjò. Ọjọ́ ìrìn àjò gan-an la sì ń kó ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀.

Mo wà ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì kan n'Íbàdàn lọ́jọ́ kan tí wọ́n gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ni ín. Wọ́n kún epo láàárọ̀, wọ́n forí lé Èkìtì, ìnáwó ni wọ́n ń lọ. Wọn ò tíì kọjá Asẹ́jìrẹ́ tí òórùn epo fi gba inú ọkọ̀ kan, àwọn ọmọ-ọmọ tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n bá ṣẹ́rí padà. Ọ̀gá mẹkáníìkì tú táyà ẹ̀yìn, ó yọ ike dúdú tó bo abẹ́ fẹ́ńdà. Iyanrìn àti ewé tó ti di ẹrẹ̀ gbígbẹ ya sílẹ̀ lẹ́yìn ike náà. Páìpù ọ̀hún hàn síta. Tẹ́ ẹ bá wò ó láti òkèèrè, kò sí nǹkan kan tó ṣe é, ọ̀dà dúdú ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀gá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò wọlé. Ohun tó dà bíi páìpù yẹn, ọ̀dà nìkan ló kù níbẹ̀, irin abẹ́ rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun pupa. Nígbà tí wọ́n nù ún dáadáa, wọ́n bá nǹkan méjì lára rẹ̀: gọ́ọ̀mù Four Minutes tó ti sán, àti ọṣẹ ìfọṣọ tí ẹnìkan ti fi dí i nígbà kan rí.

Ìyá ní, “Ọ̀gá, ṣé kò ṣe é jó pọ̀ ni? Ẹ bá mi ṣe é lọ́nà tí owó ò fi ní pọ̀.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màámi, ẹ má bínú. Ibo ni mo fẹ́ jó iná mọ́? Irin ló ń gba iná, èyí kì í ṣe irin mọ́. Epo sì rèé lábẹ́ rẹ̀.”

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí àrùn yìí ti wá, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a rà mọ́ ọkọ̀. Ní àríwá Amẹ́ríkà, ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Michigan, Ohio, New York àti Pennsylvania, títí wọ Kánádà, yìnyín máa ń bo títì nígbà òtútù. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí i kó lè yọ́. Omi oníyọ̀ yẹn ni táyà ń fọ́n sí abẹ́ ọkọ̀ fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún. Páìpù ẹnu tánkì sì wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn gẹ́lẹ́, òun gan-an ló ń gba ìwẹ̀ náà. Ike tí wọ́n fi bò ó kí òkúta má baà máa bà á, ike yẹn náà ló ń há ẹrẹ̀ oníyọ̀ mọ́ ọn lára tí kò fi lè gbẹ. Iyọ̀ ò sì ní kánjú. Ọkọ̀ lè kúrò nínú òtútù, kó wọ ọkọ̀ ojú omi, kó gúnlẹ̀ sí èbúté Tin Can tàbí ti Kútọnu, kí iyọ̀ náà ṣì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú ọ̀rinrin tiwa níbí.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà mọ̀. Ẹ rántí Sienna, tí àwọn awakọ̀ wa fẹ́ràn fún èrò. Lọ́dún 2010, Toyota pe àwọn Sienna tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2010 padà, torí iyọ̀ títì lè jẹ okùn irin tó gbé táyà àfirọ́pò dúró lábẹ́ ọkọ̀ débi tí táyà fi lè já sójú ọ̀nà. Àwọn ìpínlẹ̀ olótùútù nìkan ni ìpè yẹn wà fún. Ti Florida àti Texas kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà, àmọ́ ibi tí kálukú ti lo ayé rẹ̀ yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ra tókùnbọ̀, kó wá ìtàn ọkọ̀ náà pẹ̀lú nọ́ńbà ṣẹ́sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wo ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti lò ó. Kó sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà tó ń dán, ẹni tó ń tà á ló kùn ún.

Mi ò ní kí ẹ di gbogbo ẹ̀bi ru Amẹ́ríkà o. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kékeré ẹnu tánkì yín lóla, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ àwo tí ìdérí wà nínú rẹ̀. Ẹ máa rí ihò tín-ín-rín kan níbẹ̀. Omi òjò àti epo tó bá dà sílẹ̀ ni wọ́n lu ihò náà fún, kí wọ́n lè rí ibi gbà jáde. Eruku Ọyẹ́ àti iyanrìn ti dí i lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Òjò á rọ̀, àwọn tó ń fọ ọkọ̀ á da omi sí i, omi á dúró síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ìléròrò yípo ẹnu náà. Ẹni tó ń gbé Lẹ́kí, Àjàh tàbí Badagry, tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí lọ́sàn-án lóru, tirẹ̀ á tún yá ju ti ará Ọ̀ṣogbo lọ. Wáyà tín-ín-rín kan tó láti ṣí ihò yẹn, kò gba ìṣẹ́jú kan, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ti yín ti jẹ? Òórùn epo ni àkọ́kọ́, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ bá ra epo tó pọ̀. Ẹ tún wo abẹ́ fẹ́ńdà tó wà níhà ẹnu tánkì bóyá ibi kan tutù tí eruku rọ̀ mọ́ ọn. Nílé epo, irin tí ọmọ tó ń ta epo kì bọ ẹnu tánkì á máa gé ara rẹ̀, “tà”, lẹ́yìn lítà méjì, bẹ́ẹ̀ tánkì ò tíì kún. Páìpù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù ńlá tí afẹ́fẹ́ inú tánkì ń gbà jáde bí epo ṣe ń wọlé; bí ìpẹtà bá dí i, afẹ́fẹ́ á máa ti epo padà sókè. Àwọn ọmọ náà á ní ẹ̀rọ àwọn ló ń ṣe é. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nílé epo mẹ́ta, ọkọ̀ yín ni.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 wá tún ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ooru epo kó má baà fẹ́ sáfẹ́fẹ́. Bí páìpù bá lu, iná check engine á tàn, ẹ̀rọ àyẹ̀wò á sì gbé nọ́ńbà bíi P0440, P0442 tàbí P0455 jáde. Ohun tí mo máa ń rí níbí ni pé wọ́n á pa iná náà, wọ́n á gba owó, iná á tún tàn padà. Àwọn mìíràn kúkú ti yọ gílóòbù rẹ̀.

Èyí tó ń ná wa lówó jù ni omi. Àwo ẹnu tánkì tó ti lu ń gba òjò wọlé. Omi wúwo ju epo bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ tánkì ló ń lọ, ìsàlẹ̀ yẹn náà ni pọ́ǹpù ti ń fà. Òjò rọ̀ lóru, ọkọ̀ ń já láàárọ̀. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kò lọ. Wọ́n fọ ínjẹ́tọ̀, ó lọ fọ́jọ́ mẹ́ta. Wọ́n ra pọ́ǹpù, ìpẹtà tó ń já bọ́ láti ẹnu tánkì tún dí àsẹ́ rẹ̀. Gbogbo àyíká rẹ̀ la ti tọ́jú tán, kò sẹ́ni tó wo ẹnu.

Ní ti ọṣẹ, mo gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Epo bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ, ẹni tí tánkì rẹ̀ jò lójú ọ̀nà Ṣágámù lálẹ́ lè fi dé ilé. Kó délé náà ni o. Four Minutes ní tirẹ̀, ara irin tó mọ́ ló ń lẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fi lé orí ìdógùn-ún, ìdógùn-ún náà á ṣí kúrò ní ara irin, á sì gbé gọ́ọ̀mù dání. Ẹ fi owó náà pamọ́, kí ẹ fi ra páìpù.

Níbo? Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí ASPAMDA nínú Trade Fair, tàbí Gate fún ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ dání, kí ẹ sì mú nọ́ńbà ṣẹ́sì lọ́wọ́, torí ti ọkọ̀ kan náà lè yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹ ka iye ẹnu kékeré tó yọ lára rẹ̀, ẹ wo bó ṣe ṣẹ́ kọ́rọ́, ẹ fi ihò bóòtù wé ara wọn. Tuntun láti Ṣáínà wà, ó sì dára tó bá bá ara mu. Ẹni tó bá fẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn àlòkù, kó rántí pé inú iyọ̀ kan náà ni òun pẹ̀lú ti wá. Ẹ gbé e sójú oòrùn kí ẹ wo inú rẹ̀ láti ẹnu kan sí èkejì. Ẹ fi ìdí súkúrúdíráífà lù ú káàkiri: ibi tó bá dún wọ̀ọ̀ tí ìyẹ̀fun sì já bọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ tún lè dí ẹnu rẹ̀ tó kù, kí ẹ rì í sínú omi, kí ẹ sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Oníṣòwò tó bá bínú sí èyí, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó wá ku iṣẹ́ gan-an. Ìta gbangba la ti ń ṣe é. Ooru epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá, ó sì lè rá débi jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ òórùn. Nítorí náà, kò sí sìgá, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ẹni tó ń jó irin nítòsí, ẹ sì gbé iyanrìn tàbí ohun ìpaná sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ínjìnnì tutù. Kí wọ́n tú orí bátìrì ti nẹ́gétíìfù. Epo inú tánkì kó kéré, kó má dé ìdá mẹ́rin rẹ̀. Èyí tó bá pọ̀, ẹ gbà á sínú kéègì tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e jìnnà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fi ẹnu fa epo. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ̀gá náà. Epo tó bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ lè pa èèyàn.

Jáàkì nìkan ò tó láti gbé ọkọ̀. Ẹ fi irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tú táyà. Ẹ yọ ike, kí ẹ sì gbá gbogbo iyanrìn àti ẹrẹ̀ kúrò kí ẹ tó ṣí ohunkóhun, torí ohun tó bá já bọ́ lẹ́yìn náà, inú tánkì ló ń lọ. Àwọn bóòtù yẹn á ti gan. Ẹni tó bá fi WD-40 sí wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú á rí i pé wọ́n gbọ́ràn díẹ̀. Sípánà tó bá ara mu gẹ́lẹ́ ni kí ẹ lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí bóòtù á yí roboto, a ó sì di ẹni tó ń wá irin tí yóò fi gbẹ́ ẹ. Róbà tó so páìpù mọ́ tánkì, ẹ kọ́kọ́ yí i lápá ọ̀tún lápá òsì kó lè tú. Bó bá kọ̀, ẹ fi ọ̀bẹ là á, torí kò yẹ ká tún un lò. Gbàrà tí páìpù bá jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí kì í tú òwú dí ẹnu tánkì.

Kí ẹ tó gbé tuntun wọlé, ẹ wo ara ọkọ̀ níbi tí àwo náà ń jókòó sí. Bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ nìkan ló pupa, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà há a títí irin á fi funfun. Ẹ kun ọ̀dà tí ń dènà ìdógùn-ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ tún kun èyí tó bá àwọ̀ ọkọ̀ mu lé e. Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fò dá, wọ́n á fẹ́ kí ọkọ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé páànù ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti lu, tó sì gba iná, tánkì gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ ọkọ̀ pátápátá kí oníwẹ́dà tó sún mọ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá ní kò séwu torí tánkì ti ṣófo, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Tánkì tó ṣófo, ooru epo ló kún inú rẹ̀, ooru yẹn ló ń bú gbàmù.

Róbà tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ ti epo. Róbà omi rèdíétọ̀ jọ ọ́ lójú, owó rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n epo á mú un wú, á sì rọ̀. Ẹ ki róbà wọ orí páìpù kọjá ibi tó wú, lẹ́yìn náà ni kí kílíìpù wá jókòó sẹ́yìn wíwú náà, kì í ṣe sórí rẹ̀. Bí wáyà kékeré kan bá so páìpù mọ́ ara ọkọ̀, ẹ dá a padà síbi tó wà, kí ẹ há ojú irin ibẹ̀ kó mọ́. Epo tó ń ṣàn ń kó iná mọ̀nàmọ́ná jọ, wáyà yẹn ló ń gbé e kúrò kó má baà ta pàrà lẹ́nu tánkì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gé e dà nù pé kò wúlò. Ìdérí náà ńkọ́? Ẹ wo róbà inú rẹ̀; bó bá ti sán, ẹ ra òmíràn.

Kí wọ́n tó dá ike àti táyà padà ni kí ẹ dán an wò. Ẹ kọ́kọ́ bu epo díẹ̀ sí i, ẹ wo gbogbo ibi tí wọ́n dè. Kí ẹ wá lọ sílé epo tó sún mọ́ ọgbà, kí ẹ kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, bó ti wù kó wọ́n tó, torí epo tí kò dé inú páìpù kò dán nǹkan kan wò. Bí irin ilé epo bá ti gé, kí wọ́n dá a dúró níbẹ̀, kí wọ́n má mi ọkọ̀, kí wọ́n má fi ti ₦500 kún un. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ fẹ́ńdà, kí ẹ fi ọwọ́ pa ìsàlẹ̀ róbà náà. Bó bá gbẹ, ẹ padà lọ so ike.

Bí òórùn bá ṣì wà lẹ́yìn gbogbo èyí, tí ìsàlẹ̀ róbà sì gbẹ, ẹ ṣí àga ẹ̀yìn kí ẹ wo òrùka róbà tó wà lórí pọ́ǹpù epo. Ìyẹn la máa gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìdí tí pọ́ǹpù tuntun kì í fi í pẹ́ nínú ọkọ̀ tí iná epo rẹ̀ ń tàn lójoojúmọ́.